Bí Olúgbódi Akínsọlá Ṣe Ṣẹ́gun Ohùn Tó Ń Kùn ní Ilé Àṣà Àwọn Ará Íńdíà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹun, ẹ sọ òkèlè kalẹ̀; ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn, ẹ dìde jókòó; nítorí orúkọ tó fẹ́ jáde yìí, a kì í fi ẹnu tó kún pè é. Olúgbódi Akínsọlá ni! Ọmọ Akínsọlá tó ń ṣọ́ géètì rélùwéè ní Omi-Adió, ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélógún wo ọkọ̀ ojú irin lójú tí kò gbójú kúrò fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọkọ̀ náà ń kọjá lóòjọ́. Ọmọ-ọmọ Akínsọlá àgbà tó lọ sójú ogun Bọ́mà, tó bó àlùbọ́sà fún àwọn ọmọ ogun Íńdíà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí osùn, tó sì délé tó sọ fún gbogbo àdúgbò pé èéfín ìbọn ló ṣe òun bẹ́ẹ̀. Olúgbódi, oníka-mẹ́fà, tí Ẹlẹ́dàá fi ìka kún ìka fún kí ayé má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹfọ̀n tó fi ìgbálẹ̀ ṣe ìwo! Kìnnìún tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún ń dún wàràwàrà nídìí rẹ̀ bó bá ń rìn, tí àwọn àga oníke tó wà nínú gbọ̀ngàn ń fúnra wọn tò bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀!

Gbọ̀ngàn tó jẹ́ pápá ogun akọni yìí wà ní Ìbàdàn. Ilé àṣà ni, àwọn oníṣòwò ará Íńdíà ló kọ́ ọ kí ijó àti orin ilé baba wọn má baà parun lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìbàdàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé, láti ojú fèrèsé wọ́n bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà wọ́n bọ́ sórí ẹní, wọ́n ń kọ́ ijó, wọ́n ń kọ́ ìlù. Olúgbódi ni alábòójútó gbọ̀ngàn. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi wà nídìí orin náà, kò sì mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Bí àlejò bá dé, yóò gbọ́rùn sókè, yóò ní, "Àwa àti àwọn ará Íńdíà? Láti Bọ́mà ni!" Bí àlejò bá wá béèrè orúkọ ijó tí wọ́n ń jó lọ́wọ́, yóò ní kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tó dọ̀tí tẹ ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ogun wá bá a. Lọ́jọ́ náà ni Ìbíwùmí, ọmọ ogún ọdún, fẹ́ dá nìkan jó ijó àtijọ́ ti gúúsù Íńdíà níwájú èrò fún wákàtí méjì, torí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá tíì jó irú ijó bẹ́ẹ̀ já, wọn kì í pè é ní oníjó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ lọ́wọ́ Màmá Kamálà, ìyá arúgbó ará Íńdíà tó ti gbé Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀ tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Òjé. Ọ̀gá Ọlásùpọ̀, baba Ìbíwùmí, tó ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe, kò tíì tẹ gbọ̀ngàn náà rí láti ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ijó tí èèyàn ń fi ẹyinjú jó, ijó kí nìyẹn?" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì wá. Ó jókòó níwájú pátápátá, ó ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú ọjà fún.

Olúgbódi náà ní ẹrù tirẹ̀ lórí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké "wíììì" lójú àwọn àlejò pàtàkì títí ìyá kan fi da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sára. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, Ọ̀gbẹ́ni Méétà, alága ilé àṣà, pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínsọlá, bí n bá tún gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lónìí, ẹlòmíràn ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín lọ́la."

Ọ̀rọ̀ náà wọ akọni lára bí oró agbọ́n. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún nídìí rẹ̀, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé bí ẹ̀fọn bá fò kọjá nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ̀fọn náà yóò jẹ́jọ́.

Aago mẹ́ta lù. Àwọn ọmọdé méjìlá ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n mú ọ̀pá méjì méjì lọ́wọ́, wọ́n ń jó ijó àwọn ará oko Gújáráàtì, ọ̀pá ń pàdé ọ̀pá, káú! káú! aṣọ wọn ń fẹ̀ bí agbòòrùn. Olúgbódi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí balógun tó ń wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń mi í lódìkejì ìlù. Nígbà tí àwọn ọmọdé wọlé, Màmá Kamálà jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé láti kọrin, onílù gbé ìlù olójú méjì lé itan, Ìbíwùmí sì bọ́ síta nínú sẹ́dà aláwọ̀ ẹyin, ṣaworo ń dún ṣìn-ìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀tá sọ̀rọ̀. *Húùùùn.*

Ohùn kan ni, kò ga, kò lọlẹ̀, ó kàn ń kùn lọ bí oyin nínú igi. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ orin níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ló mọ̀ pé àpótí dúdú kékeré kan, tí kò ju búrẹ́dì lọ, ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó ń pèsè ohùn yẹn, pé orí rẹ̀ ni olórin ń gbé ohùn tirẹ̀ kà kí orin má baà ṣìnà, pé láìsí i, olórin dà bí ẹni tó ń rìn lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí irú ìmọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ dí akọni lọ́wọ́.

Olúgbódi na etí. Òógùn bò ó. "Ariwo ẹ̀rọ," ó sọ fún ara rẹ̀, "ariwo ẹ̀rọ rèé o!" Ó kọ́kọ́ kọlu fáànù àjà, ó pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni bẹ́ orí ọba mẹ́rin. Ooru sọ kalẹ̀ sórí èrò.

"Olúgbódi," ìyá àgbà kan bú u láti ẹ̀yìn, "ṣé o fẹ́ sè wá ni?"

Akọni kò wẹ̀yìn. Ohùn náà ṣì ń kùn. Ó kọjú sí fíríìjì tí wọ́n kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí, ó paná rẹ̀, omi yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sun sílẹ̀ tó-tó-tó. Ohùn ṣì ń kùn. Ó ka ohùn náà sí ọkùnrin kan tó ń hanrun díẹ̀díẹ̀ nínú oorun lọ́rùn, ó jí i. Ohùn ṣì ń kùn! Nígbà náà ni ó bọ́ bàtà, ó fi ikùn wọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ẹkùn tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ nínú koríko, ejò tó wọ ṣòkòtò kàkí, ó tẹ̀lé wáyà kan láti ìdí ògiri títí ó fi kan àpótí dúdú náà níbi tó jókòó sí, tó ń kùn sí i lójú láìbẹ̀rù.

"Ìwọ rèé," ni Olúgbódi wí.

Ó di orí wáyà onírin mẹ́ta mú lára ògiri, ó wí orúkọ baba rẹ̀ àti ti baba baba rẹ̀, ó sì fà á yọ. Ohùn náà kú fin-ín. Akọni gbé apá méjèèjì sókè nínú òkùnkùn ẹ̀yìn aṣọ, ó ń dúró de àtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ ò wá. Ohun tó wá ni ohùn Màmá Kamálà, tó ṣàdédé yẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n fa ọ̀pá ìtilẹ̀ yọ lọ́wọ́ rẹ̀; ó gbìyànjú, ó wá ohùn rẹ̀ sókè, ó wá a sísàlẹ̀, kò rí i, ó sì dákẹ́. Ìbíwùmí dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín ìtàgé. Láti ibi tó wà, àlàfo aṣọ ìkélé ṣí sí i kedere: ó rí Olúgbódi, ó rí apá rẹ̀ lókè, ó rí wáyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sunkún, kò sì sá wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀, pà! ṣaworo dáhùn, ó tún tẹ̀ ẹ́, pà-pà-pà! Onílù gbójú sókè, ó yé e, ó sì gbá ìlù tẹ̀lé e. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti ìlù lásán di ojú ijó mú kó má wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi ìyẹ́ kan fò pẹ́.

Nígbà náà ni ẹnìkan dìde níwájú pátápátá. Ọ̀gá Ọlásùpọ̀ ni. Apá rẹ̀ ò ká mọ́ àyà mọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́ o! Ta ló pa ẹ́ńjìnnì orin yìí? Ó wà nísàlẹ̀ ohùn màmá yẹn, mo ń gbọ́ ọ, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ lọ wò ó, ọmọ mi ń jó!"

Ìbíwùmí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu baba rẹ̀, "ọmọ mi ń jó," ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún le sí i.

Lẹ́yìn aṣọ, ọ̀rọ̀ náà já lu Olúgbódi bí àrá. Ẹ́ńjìnnì orin? Ó wo àpótí. Ó wo wáyà. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá lọ, ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú mẹ́tàdínlógún nígbà tí wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí orí wáyà náà sì jábọ́ sínú àlàfo láàárín pákó méjì. Áà, ẹ wo ìdààmú akọni! Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ ò wọ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ìka ò tó o. Òógùn ń kán sínú àlàfo náà. Lórí ìtàgé, ẹsẹ̀ ọmọ ń lu ilẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni Olúgbódi rántí ohun tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe ìwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dojúbolẹ̀, ó na ìka kẹfà, ìka táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, ìka náà wọ inú àlàfo, ó há wáyà lọ́rùn, ó sì wọ́ ọ jáde bí ẹni fa ẹja àrọ̀ jáde nínú odò.

Ó ki i bọ ògiri padà. *Húùùùn.*

Màmá Kamálà gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé orin láti ibi tó ti já. Ìbíwùmí jó. Ó jó bí omi, ó jó bí ọfà. Ó fi ojú lásán jó ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri nínú òjò, kò sì sí ẹni tó ń béèrè mọ́ pé ijó kí nìyẹn. Ọ̀gá Ọlásùpọ̀ tẹ síwájú lórí àga rẹ̀ títí tó fi parí, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó tú palẹ̀ bá kọ́kọ́ jí. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé.

"Èmi rò pé eré lò ń ṣe ni," ó wí. "Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ gidi ni. Má bínú sí mi."

Ìbíwùmí dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀ bí ọkùnrin, ṣaworo sì dún.

Ọ̀gbẹ́ni Méétà wá gun ìtàgé. Ó ní ẹ̀rọ kan fẹ́ bá ayẹyẹ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan yára tún un ṣe; kí ẹni náà jáde kí wọ́n rí i. Ṣé ẹ rò pé akọni yóò ṣàlàyé ni? Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé. Olúgbódi bọ́ síta, eruku kún àyà rẹ̀, ó tẹríba fún èrò lọ́tùn-ún, ó tẹríba fún wọn lósì. Alága ní kí oníjó fúnra rẹ̀ fi ẹ̀gbà òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Ìbíwùmí mú òdòdó náà, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ gidi ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà, ó gbé e kọ́ ọ, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo rí iṣẹ́ méjèèjì."

Ẹ̀rín akọni gbẹ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya fọ́tò ti dé, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, kí Òkè-Àdó gbọ́, kí ó sọ fún Mọ́lété. Kí Mọ́lété gbọ́, kí ó ránṣẹ́ sí Omi-Adió níbi tí egungun baba rẹ̀ sùn sí. Kí àwọn tó kú sí Bọ́mà mi orí nínú ibojì wọn: ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje, lójú gbogbo ayé àti lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọkùnrin kan ki irin mẹ́ta bọ ihò mẹ́ta, irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọlé!