Olè Tó Pe Àǹtí Télọ̀ Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, irú ẹ̀ ò débẹ̀ rí: olè ló pe ẹni tó jà lólè lẹ́jọ́. Èmi tí mo kàn ní kí n fẹsẹ̀ kan yà wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo gbàgbé ilé.

Rọra ni àdúgbò ń pe olè náà, nítorí bó ṣe máa ń rìn. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan lórí wọlé, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè, ó dọ̀bálẹ̀. Àǹtí télọ̀ kúnlẹ̀ lódìkejì. Kò wo ẹ̀rọ náà rárá.

"Kí ni obìnrin yìí ṣe fún ọ?" Kábíyèsí bi Rọra.

"Kábíyèsí, mo jí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní òun ò sọ nǹkan kan nù."

Ọ̀tún fi ìka ro etí. "Tún un sọ."

"Èmi ni mo jí ẹ̀rọ yìí, ọ̀sán gangan ni. Mo retí ariwo, ariwo ò dún. Mo retí kí wọ́n wá mú mi, wọn ò wá. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ fún ara wọn nídìí kànga. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá sọnù ládùúgbò, èmi ni. Bàtà sọnù, èmi ni. Adìẹ sọnù, èmi ni. Eyín ìyá àgbà kan ká, wọ́n ní èmi ni. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń kó ìkòkò wọlé bó bá ti rí mi lókèèrè."

"Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan," ni Ọ̀tún wí, "bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora."

"Mo gbà, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé kọ́ mi lọ́rùn. Kẹ́ ẹ fìyà ọ̀kan jẹ mí, kí n bọ́ lọ́wọ́ ìyókù."

"O ò ṣe dá a padà fún un?"

"Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ó tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó ní kí n lọ wá olówó ẹ̀ lọ."

Kábíyèsí kọjú sí Àǹtí télọ̀. "Ẹ̀rọ ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, Kábíyèsí."

"Ṣé télọ̀ kọ́ ni ọ́ ni?"

"Télọ̀ ni mí."

"Kí lo wá fi ń ránṣọ?"

"Ọwọ́." Ó na ìka rẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ ti gún un títí, ó ti wú. "Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ àdúgbò kún ilẹ̀, ilé ìwé sì máa wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ọrùn àti apá kan ni mo tíì rí rán. Àwọn ìyá wọn ti ń bọ̀ wá gba aṣọ wọn padà." Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Kábíyèsí ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti télọ̀, ló kọ́kọ́ jáde.

"Mi ò sí níbẹ̀, Kábíyèsí. Mi ò rí nǹkan kan."

"Ó wà níbẹ̀," ni Rọra wí. "Òun ló gbé e rù mí."

"Òótọ́ ni pé èmi ni mo gbé e rù ú. Ṣùgbọ́n mo dijú."

"Kí ló dé tó o dijú?"

"Kí n má baà rí i, Kábíyèsí."

Bàbá onígbàjámọ̀ ló kàn, ìsọ̀ tiẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó ní ẹ̀yìn lòun kọ sí títì lọ́jọ́ náà, orí oníbàárà lòun ń fá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣọ́ àtẹ̀gùn," ni Rọra wí. "Ẹ ní òkúta kan ti yẹ̀ níbẹ̀."

"Ó yẹ̀ lóòótọ́. Ṣé kí n wá máa wò ọ́ kó o gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ṣubú ni?"

"Ẹ rí i nígbà yẹn?" Kábíyèsí bi í.

"Àtẹ̀gùn ni mo rí."

Inú bí Kábíyèsí. "Ẹ ò ṣe pariwo? Ẹ ò ṣe wá fẹjọ́ sùn? Àṣé ìlú afọ́jú ni mo ń jọba lé lórí."

Bàbá onígbàjámọ̀ húkọ́.

"Kábíyèsí, ẹ rántí ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ wo?"

"Èyí tí mo gbà lọ́wọ́ olè lọ́dún èṣí, tí mo wá fi tó yín létí. Àwọn ẹmẹ̀wà yín fi ọ̀dà pupa kùn ún nídìí. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, a ò gbọdọ̀ tà á, a ò gbọdọ̀ pa á, a ò gbọdọ̀ dá a padà fún olówó ẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Wọ́n ní ẹni tó fẹjọ́ sùn ni kó máa tọ́jú ẹ̀rí. Ẹ sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ tún sún un. Kábíyèsí, ewúrẹ́ yẹn ti bímọ. Wọ́n wá kun àwọn ọmọ ẹ̀ náà lọ́dà."

Ọ̀tún fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Orí àga oníbàárà ló ń sùn. Ó ti jẹ aṣọ tí mo fi ń bo èèyàn lọ́rùn. Olè tó jí i ti gbéyàwó, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Èmi tí mo lanu sọ̀rọ̀ ni mò ń já koríko kiri."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn," ni Àǹtí télọ̀ wí, ó bú sẹ́kún. "Bí mo bá ní ẹ̀rọ mi nìyí, ọ̀dà á dé. Á wà níwájú mi, mi ò ní lè fi rán bọ́tìnnì. Bó bá wà lọ́wọ́ olè, ìrètí ṣì ń bẹ. Bó bá ti dé ààfin, ó parí."

Rọra fò sókè. "Ẹ gbọ́? Ó ní ẹ̀rọ òun." Ó dì mọ́ fọkanáísà. Kí ó tó jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹmẹ̀wà kan ti ń ṣí agolo ọ̀dà.

"Gbé agolo yẹn sílẹ̀," ni Kábíyèsí wí. Ó wá dá ẹjọ́.

"Rọra, o jẹ̀bi ọ̀kan. Gbé ẹ̀rọ yìí rù báyìí, gba ojú títì lọ, kó o máa kígbe pé ọ̀kan lo jí. Bó o bá dé ìsọ̀ ẹ̀, jókòó tì í, máa bá a yí ẹ̀rọ títí aṣọ àwọn ọmọ á fi tán. Fọkanáísà, ìwọ tó o mọ ẹrù gbé, gbé tábìlì kan láàfin yìí tẹ̀lé e, kó rí nǹkan gbé ẹ̀rọ lé. Kó o lajú dáadáa. Bàbá, ẹ dá ewúrẹ́ padà fún olówó ẹ̀ lónìí. Kí àwọn ọmọ ẹ̀ di tiyín."

"Ẹ ṣàánú mi, Kábíyèsí. Kó máa kó gbogbo wọn lọ."

"Ọ̀dà ńkọ́?" Ọ̀tún béèrè.

"Ẹ fi kun àga mi. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti wá fẹjọ́ sùn, ẹ kùn ún. Ẹ̀rí ni. Èmi fúnra mi ò gbọdọ̀ jókòó lé e títí ẹjọ́ onítọ̀hún á fi parí."

A tẹ̀lé wọn dé ìsọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Rọra ń kígbe ọ̀kan ṣoṣo, Àǹtí télọ̀ ń kìlọ̀ fún un kó ṣọ́ àtẹ̀gùn. Ìyá àfẹ́sọ́nà Rọra yọjú, ó wò ó títí, ó sì gbé ìkòkò kan padà síta. Ìkòkò kan náà ni o.

Láàárọ̀ yìí, mo tún gba ẹnu ààfin kọjá. Èrò tò láti géètì títí dé ìsọ̀ fọkanáísà, kálukú pẹ̀lú ohun tójú rẹ̀ ti rí látọdúnmọ́dún tẹ́nu rẹ̀ ò sọ. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀dà àga ò tíì gbẹ. Kábíyèsí wà lórí ìdúró, ó ń sinmi ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, ó ń pè pé, "Ẹni tó kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára wọlé."