Ìrì Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Mo fi eyín mẹ́rin tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi búra: òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ dànù lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa màlúù.

Àdúgbò kan wà ní Ahoyéyé, ní ìgbèríko Pobè, tó jẹ́ pé pọ́ńpù omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Bàbá Zacharie, pírẹ́sídáà kòmítè omi, jókòó sórí àga nídìí pọ́ńpù náà, ó gbé rédíò lé itan, ó so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo pọ́ńpù mọ́ ọrùn. Arẹwà ọkùnrin ni Bàbá Zacharie. Ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí obìnrin tó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kì í bojú wẹ̀yìn. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti ri pọ́ńpù náà ló ti ń ṣe pírẹ́sídáà rẹ̀, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.

Berthe, ìyàwó inú ilé kejì sí tirẹ̀, yọ pẹ̀lú korobá méjì. Ẹ̀gẹ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ló ti bó sílẹ̀ nílé. Ẹ̀gẹ́ tí a bá bó tí a kò tètè fọ̀, dúdú ni yóò dú, gàrí rẹ̀ náà á sì dú. Ọ̀la sì ni ọjà Sakété, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ná gàrí dúdú, wọn a kàn yínmú sí i ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Pírẹ́sídáà." Berthe kúnlẹ̀.

"Ṣíọ̀! Dákẹ́ ná!" Bàbá Zacharie na ìka sókè. "Dèmókrásì ló ń kú lọ nínú rédíò yìí, ìwọ ń kí mi káàárọ̀."

"Yéè! Ṣé ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń kú lọ yẹn."

Bàbá Zacharie mi orí, bí ẹni tó rí ọmọ tó ń fi ọṣẹ jẹ ẹ̀kọ. "Ìyàwó, ojú rẹ kò tíì là. Olórí ìlú kan ni wọ́n ń sọ, lọ́nà jíjìn réré. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí oyè. Sáà rẹ̀ parí, ó ní òun ò lọ. Ó ní ìwé òfin ló ní kí òun dúró."

"Ta ló kọ ìwé òfin náà?"

"Òun náà ni!"

"Ọdún mẹ́wàá." Berthe káwọ́ lérí. "Ó mà pọ̀ o. Bàbá, ọdún mélòó lẹ̀yin ti lò nídìí pọ́ńpù yìí?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀. Mọ́kàndínlógún yàtọ̀ sí mẹ́wàá."

Bàbá Zacharie yí ohùn rédíò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ìbínú ni ì bá bí i, ṣùgbọ́n sùúrù ọkùnrin yìí pọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ dé ìlú Aguidi.

"Gbọ́ mi dáadáa. Olórí ìlú yẹn, agídí ló fi jókòó. Èmi, ìfẹ́ àwọn ará ìlú ni."

"Ṣé wọ́n dìbò yàn yín ni?"

"Kí ni a ó tún máa dìbò sí, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ràn mi?"

"Gbólóhùn tó jáde nínú rédíò yín nìyẹn bí mo ṣe ń bọ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi máńgòrò ṣe "mẹ̀ẹ́ẹ̀." Bàbá Zacharie wò ó láwòmọ́jú.

"Bàbá, mi ò bá tìjà wá. Ẹ dákun, ẹ ṣí pọ́ńpù fún mi. Ẹ̀gẹ́ mi ti ń pọ́n ojú."

"Pọ́ńpù ti tì. Aago mẹ́fà sí aago méje, òfin nìyẹn. Méje ti kọjá."

"Mo wá ní mẹ́fà ààbọ̀, ẹ ò sí níbí."

"Mo wà nínú ilé, mò ń gbọ́ ìròyìn. Ṣé kí gbogbo ayé dàrú nítorí ẹ̀gẹ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà?"

Ilẹ̀ ni Berthe ń wò. Ẹ̀kán omi tò tẹ̀lé ara wọn nínú erùpẹ̀, láti ẹnu pọ́ńpù títí dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Zacharie.

"Bàbá, omi kí rèé?"

"Ìrì ni."

"Ìrì! Ìrì yìí mà gbọ́n o. Nídìí pọ́ńpù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó yí igi máńgòrò po, ó yẹ̀ fún ewúrẹ́, ó wá wọlé yín tààrà."

"Bí ìrì ṣe máa ń sẹ̀ ní Ahoyéyé nìyẹn."

"Ó tún gbàgbé ìdérí korobá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín."

Bàbá Zacharie wúkọ́. "Kí ló tiẹ̀ dé? Omi ìjọba nìyẹn. Olórí kì í tò. Ṣé o ti rí mínísítà tó tò sídìí pọ́ńpù rí?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀yin lẹ fóònù ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ ní ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù ni kó máa jẹ mínísítà. Gbogbo wa gbọ́ yín."

Ni ojú Bàbá Zacharie bá tàn. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu rẹ̀ fi jáde síta wá wo ẹni tó wá. "Ẹ gbọ́ mi? Ṣé ohùn mi dún?"

"Ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní, 'Ẹni tó bá ń du ipò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ka ìbò.' Omi bọ́ lójú mi, Bàbá."

"Fuwalà! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n ní kí n wá jókòó lọ́dọ̀ àwọn gan-an ní Pobè lọ́jọ́ Ẹtì, kí n wá là á yé aráyé. Mo tilẹ̀ ti fọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀."

"Mo rí i lórí okùn, ó ń kán omi. Ìrì náà ló fọ̀ ọ́?"

Bàbá Zacharie fa fìlà bojú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí ẹ wí yẹn níbí."

"Èwo?"

"Ìbò. Ká dìbò bóyá kí pọ́ńpù ṣí tàbí kó má ṣí."

"Ìwọ pẹ̀lú ta ni?"

"Èmi pẹ̀lú yín. Ewúrẹ́ ò tíì gba káàdì."

Bàbá Zacharie ṣe ìṣirò nínú ikùn. Berthe á ní kó ṣí, òun á ní kó má ṣí, yóò di ọ̀kan sí ọ̀kan, pírẹ́sídáà á sì wá là á. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀.) Ìbò tí èèyàn ti wọlé kó tó dì í kì í pa ènìyàn lára.

"Mo gbà! Olóòótọ́ ni mí. Ta ló ní kó ṣí?"

Berthe nawọ́.

"Ta ló ní kó má ṣí?" Òun náà nawọ́, tòun ti rédíò. "Ọ̀kan sí ọ̀kan! Bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ìbò pírẹ́sídáà di méjì. Mo wọlé!"

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ta ló ka ìbò náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló du ipò?"

"Èmi..."

"Ta ló wọlé?"

Rédíò dákẹ́ lójijì. Bátìrì ló kú, ṣùgbọ́n bó ṣe dákẹ́ yẹn, àfi bí ẹni tí ojú ń tì.

"Mi ò ní í jiyàn," ni Berthe wí, ó gbé korobá rẹ̀. "Kí n máa lọ din gàrí dúdú mi. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí. Gbogbo obìnrin Sakété ni yóò bi mí lọ́la pé, 'Berthe, kí ló ṣe gàrí rẹ?' Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mi ò mọ irọ́ pa. Àwọn náà á sì gbé ọ̀rọ̀ náà gun alùpùpù zẹ́mì padà sí Pobè kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Bàbá Zacharie rí i lójú ara rẹ̀: ó jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò, aṣọ funfun lọ́rùn, ẹnìkan wá fóònù láti Sakété, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ gàrí.

"Dúró! Dúró, ìyàwó wa. Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

"Ohun tí ẹnu yín sọ ni. Ká fi ìbò sọ́wọ́ ẹni tí kò du ipò. Ṣé ẹ̀yin ń du ipò?"

"Kí ni mo tún ń ṣe bí kì í ṣe pé mò ń du ipò!"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Obìnrin tó wá pọn omi! Ipò wo lo mọ̀?"

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ewúrẹ́ gbọ́ o. Nítorí náà, èmi ni àjọ elétò ìbò. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kí ló kan kọ́kọ́rọ́?"

"Ohun tí à ń jà sí, ṣé ọrùn ẹni tó ń jà ló yẹ kó wà? Bí olórí ìlú ọ̀nà jíjìn yẹn bá gbé àpótí ìbò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí lẹ ó ṣe?"

"Mo máa fóònù rédíò lójú ẹsẹ̀!"

"Ẹ wò ó, èmi náà ní nọ́ńbà wọn."

Bàbá Zacharie wo fóònù ọwọ́ Berthe, ó wo ojú Berthe, ó wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ni ó bá bọ́ kọ́kọ́rọ́. Kò rọrùn. Okùn náà há sí etí rẹ̀ ọ̀tún, ó há sí ti òsì, bí nǹkan tó mọ̀ pé òun ò ní í padà wá. Ó ti pẹ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ilà sílẹ̀, irú èyí tí okùn ń fi sọ́rùn ewúrẹ́.

Kí ó tó ṣẹ́jú, Berthe ti ṣí àgádágodo, omi ti ń dà ṣọ̀ọ̀ sínú korobá.

"Kí lò ń ṣe? A ò tíì dìbò!"

"Àjọ elétò ìbò ń yẹ irinṣẹ́ wò ni, Bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a ṣe màgòmágó?"

Ó gbé omi lọ, ó padà dé, ó tún gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yẹ irinṣẹ́ wò. Nígbà tó fi máa parí, ẹ̀gẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti funfun bí lékeléke, a lè rí i láti Nàìjíríà. Ó wá ti pọ́ńpù, ó nu ọwọ́.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó ní kó ṣí?" Ó nawọ́. "Ẹni tó ní kó má ṣí?"

Bàbá Zacharie ti nawọ́ kó tó béèrè. "Kí ni èsì?"

"Ẹ fara balẹ̀. À ń kà á."

"Ìbò méjì?"

"À ń tún un kà. Àwọn ibi tó jìnnà kò tíì dé."

"Ibo ló jìnnà? Àwa méjèèjì náà ló wà níbí!"

"Ẹ má dá ìlú rú, Bàbá. Ẹ lọ sinmi nílé yín, ẹ máa gbọ́ rédíò."

"Rédíò ti kú! Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Berthe ti fi okùn kọ́ ọrùn tirẹ̀. Ó bá a mu, kí n má purọ́. "Títí èsì á fi jáde, ìjọba onígbà díẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀."

"Ta ló yan ìjọba onígbà díẹ̀?"

"Ìfẹ́ àwọn ará ìlú ni."

Bàbá Zacharie jókòó, ó tún dìde. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti àárọ̀ ti mú ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí awọ tí wọ́n sá. Ó wọlé lọ mú ife, ó bọ́ fìlà, ó sún mọ́ Berthe. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ìyàwó wa. Ìyàwó rere. Bá mi bu omi ife kan ṣoṣo."

"Aago mélòó ló lù, Bàbá?"

"Yóò ti tó mẹ́jọ ààbọ̀."

"Yéè, ó mà ṣe o. Pọ́ńpù ti tì. Mẹ́fà sí méje. Òfin yín ni. Ìjọba onígbà díẹ̀ kò lágbára láti yí ìwé òfin padà."

Ọkùnrin náà wolẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ẹ̀kán omi kún inú erùpẹ̀, ó tutù, ó ń dán, láti ẹnu pọ́ńpù títí dé ẹnu ọ̀nà Berthe.

"Ẹ̀n-hẹ́n! Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́! Omi kí wá rèé?"

Berthe kúnlẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ìrì ni, Bàbá."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nǹkan kékeré kan péré ni mo fi kún un, nítorí eyín mẹ́rin tí mo fi búra: orúkọ yẹn. Kò sí Zacharie kankan nídìí pọ́ńpù wa. Ilà okùn náà ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá wò ó, ṣùgbọ́n kó bá mi bu omi dání.