Gààrí Tí Mo Tọ́ Wò Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Aṣọ ni mo ń lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí Bọ́sẹ̀, ọmọ mi, pè mí láti Odógbolú. Oyún rẹ̀ ti pé, dókítà sì ti sọ pé ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní n ó gbààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, n kò ní ro ohunkóhun ju Ọlọ́run lọ. Mo tilẹ̀ pe Ìyá Ìjọ wa, mo ròyìn ààwẹ̀ náà fún un. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀. N kò tíì sọ ju "Baba wa" lọ tí mo rántí pé n kò tíì ra gààrí tí n ó gbé lọ fún Bọ́sẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jọ̀wọ́ dúró dè mí díẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọjà. Mo rò pé n ó máa gbàdúrà lọ́nà, àmọ́ ibi tí n ó ti rí àpò tí kò lu ni mo ń rò títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fojú ra gààrí. Mo ju ti onígààrí àkọ́kọ́ sẹ́nu: kò kan. Mo ju ti ẹnìkejì sẹ́nu: ó kan, kò gbẹ.

Ẹnìkẹta pariwo pé, "Ìyá mi, ẹ tọ́ tèmi wò! Ẹ ó ṣẹ́jú!"

Mo tọ́ ọ wò, mo ṣẹ́jú. Mo tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ó lè dá mi lójú. Ó bu omi tútù fún mi, mo fi sìn ín. Mo ní, "Ọlọ́run á bù sí i fún ọ." Orúkọ Ọlọ́run tí mo dá yìí ló jẹ́ kí ojú mi là.

"Yéè! Ààwẹ̀!"

"Òkúta ni? Kò sí òkúta nínú gààrí mi o!"

"Kì í ṣe òkúta. Ààwẹ̀ ni."

"Kò sí ìyẹn náà níbẹ̀, Ìyá mi! Lánàá ni mo yan án!"

Orí mi dàrú. Ṣé títọ́wò náà ni jíjẹ? Bí kì í bá ṣe jíjẹ, omi ńkọ́? Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n kúkú jẹun? Ẹ̀rù wá ń bà mí pé mo ti ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ mi.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ sá pamọ́ sẹ́yìn nínú ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin. Ìyá Ìjọ ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀ tó gbààwẹ̀ ni kó ṣáájú wa." Mo dìde. Gààrí funfun wà láyà búláòsì dúdú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí mo máa ń fi gbàdúrà ló fò lọ.

Mo ní, "Ọlọ́run, gààrí ni mo jẹ lónìí. Mo wá àyè fún Ọ lọ́kàn mi, n kò rí i. Ṣáà wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Gba ọmọ mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe "Àmín" tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì, ìyá yè, ọmọ yè. Èmi tí mo ti ń rò pé ó dìgbà tí mo bá gbá ọkàn mi mọ́ kí n tó pe Ọlọ́run wọlé, mo ti wá mọ̀ pé pàǹtírí ibẹ̀ kì í tán. Mo máa ń pè É wọlé sáàárín rẹ̀ ni báyìí, ẹ̀rín ara mi a sì máa pa mí.

Bí a ṣe ń jáde nínú ìpàdé àdúrà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ náà, Ìyá Ìjọ gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, àdúrà rẹ àkọ́kọ́ tí mi ò sùn sí nìyí."