Ìkòkò Maimunat àti Ẹnu Kan Tí Kò Gbààwẹ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi, tòun ti ìkòkò ọbẹ̀ lórí. Maimunat tó ń ta fáànù ní Alaba ló ru ìkòkò náà. Ó ti fi gèlè di ìdérí rẹ̀ pinpin, ó ń sunkún, ọbẹ̀ ń mì nínú ìkòkò. Alàgbà Májẹ́kódùnmí, onílé tí wọ́n ń gbé ilé rẹ̀ ní Okokomaiko, tẹ̀ lé e nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, agogo lọ́wọ́. Sherif, ọkọ Maimunat, wà lẹ́yìn wọn. Stephen, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá nínú ilé náà, ń tẹ fóònù bọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló kẹ́yìn, Ayọ̀wálé tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.

Àyà Ayọ̀wálé ń já. Kì í ṣe torí ẹran o. Bí wọ́n bá fi lè pè é lólè láàfin, ta ni yóò tún gbé tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Alàgbà sì ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Ẹ sì mọ̀ pé ààwẹ̀ Mùsùlùmí àti ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bọ́ sí àsìkò kan náà. Láti Iyana-Iba títí dé Navy Town, ebi ń pa gbogbo ayé, inú sì ń bí wọn. Kábíyèsí Akínwándé tún fìlà ṣe.

"Maimunat, sọ tẹnu rẹ."

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti jẹ mí lẹ́ran o!"

"Ẹran kí ni?"

"Ẹran ewúrẹ́, Kábíyèsí, ẹran ìṣínu! Mo sè é tán lánàá, mo gbé e sí kíṣìnnì, mo ní kí n lọ kírun Alásárì, kí n ra ọsàn bọ̀. Ìgbà tí mo ṣí ìkòkò, omi ọbẹ̀ ló ń wò mí lójú!"

"Kò ku ẹyọ kan?"

"Eegun kan ló kù. Wọ́n ti fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ gbẹ."

Ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn yẹn wọ̀ wọ́n lára.

"Ta lo fura sí?"

"Bùrọ̀dá Ayọ̀ ni! Gbogbo wa nínú ilé la pa ẹnu mọ́, ẹnu tiwọn nìkan ló ṣí sílẹ̀. Mo dé, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi igi tayín!"

"Háà! Igi ìtayín!" Ìgbìmọ̀ mi orí.

"Ayọ̀wálé, kí lo jẹ tó há sí ọ léyín?"

"Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni, Kábíyèsí, ní Iyana-Iba."

Ọ̀tún Dáramọ́lá fò fẹ̀rẹ̀. "Láti ìgbà wo ni ẹ̀wà ti ń há síni léyín?"

"Bàbá, ẹni tó sè é ń gbààwẹ̀. Kò ráyè ṣa òkúta inú rẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kábíyèsí, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n Ọ̀tún kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ?"

"Mi ò lọ, Bàbá."

"Mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

"Mi ò lọ, Bàbá."

"Ìṣẹ̀ṣe lò ń ṣe nígbà yẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe."

"Jẹ́ kí n bi ọ́ kó yé ọ. Ṣé Ọlọ́run wà?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Yéè! Ààfin gbiná. Alàgbà mi agogo gbọn-ìn gbọn-ìn.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Ẹni tí kò mọ Ọlọ́run, kí ni yóò dá a dúró nídìí ìkòkò?"

Ayọ̀wálé wolẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé nígbà tí ìyá òun ń ṣàìsàn, òun gbàdúrà títí ohùn òun fi há, ìyá náà kú, láti ìgbà náà ni òun kò ti mọ ohun tí òun lè sọ mọ́. Ó ń dùn ún títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n ta ní máa ń fi ikú ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ẹran ewúrẹ́?

"Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ni ilé," ni Kábíyèsí wí. "Kí lẹ rí sí i?"

"Kábíyèsí, láti ọjọ́ tí mo ti ń gba ayálégbé, onígbàgbọ́ ò mú abẹ́rẹ́ mi rí."

"Pọ́ńpù kànga yín tó sọnù lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" ni Ọ̀tún bi í. "Ta ló gbé e?"

"Ehn... akọrin ìjọ wa kan ni. Ṣùgbọ́n orin ìyìn ló ń kọ nígbà tó ń gbé e lọ."

"Lánàá ńkọ́? Níbo lẹ wà?"

"Inú yàrá mi ni, Kábíyèsí. Mo dojúbolẹ̀ níwájú Olúwa látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò gbójú sókè rárá."

"Ẹ ò wá rí Ayọ̀wálé nìyẹn."

"Mo rí i dáadáa! Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dojúbolẹ̀?"

"Ojú ẹ̀mí ni mo fi rí i, Kábíyèsí."

"Ojú ẹ̀mí yẹn, ṣé ó rí ẹran lọ́wọ́ rẹ̀?"

Alàgbà wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ̀yìn ló kọ sí mi."

Stephen nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Kábíyèsí, èmi wá gbèjà Bùrọ̀dá Ayọ̀ ni. Èmi náà ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀."

"Kí ló fà á?"

"Mo kà á lórí fóònù, Kábíyèsí. Wọ́n ní bí ọpọlọ èèyàn bá ṣe jí pépé tó ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe ń dínkù. Ọlọ́gbọ́n kì í sì í jalè. Nítorí náà, èmi àti Bùrọ̀dá Ayọ̀ ò lè jí ẹran."

"Ṣé ìyá rẹ ti gbọ́ pé o ti gbọ́n tó báyìí?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn."

"Òpùrọ́!" Alàgbà na ìka sí i. "Ta ló ń bá mi gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì títí dòní? Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ta ló wá gba àbẹ́là lọ́wọ́ mi? Ta ló ní kí n gbàdúrà sí bírò òun?"

"Ìdánwò yẹn le ni, Bàbá."

Ayọ̀wálé gbá orí mú. Agbẹjọ́rò rẹ̀ nìyẹn o.

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè. "Alàgbà ní onígbàgbọ́ kì í jalè. Stephen ní ọlọ́gbọ́n kì í jalè. Èmi ti lọ kí èèyàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Mo bá ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, mo bá mọ́ṣáláṣí níbẹ̀, mo bá ẹni tó ní dìgírì méjì níbẹ̀. Wọ́n kún fọ́fọ́. Sherif, ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò rí nǹkan kan, Kábíyèsí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà ní Iba. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé."

"Ibi iṣẹ́ kẹ̀?" Maimunat yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé!"

"Mo kàn sáré wálé wá mú kẹ́tù mi ni."

"Kẹ́tù tó wà lórí rẹ láti sàárì?"

Sherif fọwọ́ kan orí, ó bá kẹ́tù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀tún ti ń yọ́rọ̀ sọ sí Kábíyèsí létí pé ẹni tí kò gbààwẹ̀ náà ni kí wọ́n dá lẹ́bi, kí oníkálukú máa lọ sílé. Ayọ̀wálé gbọ́ ọ.

Kábíyèsí tẹjú mọ́ ìkòkò.

"Ó dáa. Inú ilé kan náà lẹ ń gbé, mi ò fẹ́ kí ìjà wà láàárín yín. Bí ọdún Ìtúnu bá ti dé, Maimunat yóò se irú ọbẹ̀ yìí gan-an, ọwọ́ kan náà, èlò kan náà. Gbogbo yín yóò jókòó níwájú mi níbí, ẹ ó sì jẹ ẹ́ tán."

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú wa!" Sherif ti dìde. "Kì í ṣe irú èyí!"

"Kí ló ṣe irú èyí?"

Alàgbà, tí kì í lè ṣe kó má bá èèyàn ṣàlàyé, gba ọ̀rọ̀ mọ́ Sherif lẹ́nu.

"Kábíyèsí, ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ọbẹ̀ tó dùn bíi tíì bẹ́ẹ̀ yẹn, àgbà bíi tèmi tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Stephen bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà bá ṣúgà yẹn pàdé, Bàbá? Mo rò pé ẹnu mi ló bàjẹ́ ni!"

"Ṣúgà?" Maimunat ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣúgà wo?"

Ó yíjú sí Kábíyèsí.

"Kábíyèsí, mò ń gbààwẹ̀. Èmi kì í tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́nu ààwẹ̀, bí ọwọ́ mi bá ṣe bu iyọ̀ ni mo máa ń gbà. Láti ìgbà tí olè sì ti fọwọ́ kàn án, mo ti fi gèlè dì í, mi ò fẹnu kàn án." Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọ̀rá ṣúgà tí mo rà fún ògì! Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá iyọ̀ ni mo gbé e sí!"

Kábíyèsí yíjú sí ẹlẹ́jọ́. "Ayọ̀wálé, ṣé ṣúgà wà nínú ọbẹ̀ yìí?"

"Mi ò mọ̀, Kábíyèsí."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó pariwo.

"Ta ni kò gbààwẹ̀ níbí tó lè bá wa tọ́ ọ wò? Ọ̀tún?"

"Mò ń gbààwẹ̀, Kábíyèsí."

"Kí ló wá pọ́n lẹ́nu yín yẹn?"

"Obì àdúrà ni. Mi ò gbé e mì."

Wọ́n wo ara wọn yí ká. Nínú gbogbo ààfin, ẹnu kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀. Maimunat tú gèlè, Ayọ̀wálé fi ìka kan bọ ọbẹ̀, ó lá a, ojú rẹ̀ sì hunjọ.

"Kábíyèsí, ṣúgà ni. Ṣúgà rẹ̀ ju ata lọ."

"Alàgbà?"

"Kábíyèsí, mo lọ gbàdúrà sí ìkòkò náà ni, bóyá ọ̀tá ti fi nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀mí ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹran mélòó lẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mẹ́ta. Nítorí Mẹ́talọ́kan."

"Sherif?"

"Mo gbàgbé pé mò ń gbààwẹ̀ ni, Kábíyèsí. Àwọn àáfà sì ti sọ pé ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun, Ọlọ́run ló bọ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbàgbé?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Sherif!" Maimunat figbe ta. "O gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹrin, o wá ń bá mi wá olè kiri!"

"Stephen, ọlọ́gbọ́n?"

"Ìwádìí ni mò ń ṣe, Kábíyèsí."

"Kí lo rí nínú ìwádìí náà?"

"Mùdùnmúdùn."

Kábíyèsí fi ọ̀pá kanlẹ̀. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Wọ́n bi Ayọ̀wálé nípa Ọlọ́run, ó ní òun kò mọ̀. Mo bi í nípa ọbẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ Ọlọ́run, ẹ mọ ìwé, ẹ tún mọ iye ṣúgà tó wà nínú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀! Láti òní lọ títí ààwẹ̀ yóò fi parí, ọwọ́ Ayọ̀wálé ni kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì yóò máa wà. Bí Maimunat bá dáná, òun ni yóò máa bá a tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ ó máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ. Ẹni tó bá dá itọ́ mì, ẹjọ́ rẹ̀ yóò padà wá síbí."

"Ẹran mi ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Maimunat, igi ìtayín kì í ṣe ẹ̀rí. Bẹ ẹni tí o pè lólè."

Maimunat kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Bùrọ̀dá Ayọ̀, ẹ má bínú. Ojú ń tì mí."

"Kò burú. Ọlọ́run..." Ayọ̀wálé dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Alàgbà," ni Kábíyèsí wí, "yàrá Ayọ̀wálé di tirẹ̀ títí yóò fi wù ú láti kó jáde. Agogo tẹ́ ẹ sì fi ń jí àdúgbò láàárọ̀ yẹn, ẹ ó gbé e lọ sí Alaba lọ́la. Ẹ ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀wálé, ẹ ó lù ú, ẹ ó ní, 'Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n yín wá o! Ẹni tó wà níbí kì í ṣe olè. Èmi ni mo jẹ ẹran!' Sherif yóò máa gbè é pé 'àti èmi', Stephen yóò máa gbè é pé 'àti èmi náà'."

"Nínú oòrùn yìí, Kábíyèsí? Ẹsẹ̀ lásán?"

"Ṣebí ẹsẹ̀ lásán náà lẹ fi yọ́ wọ kíṣìnnì tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó yín."

Omi bọ́ lójú Ayọ̀wálé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú rẹ̀ dùn, kò lè fi pamọ́. Wọ́n ti ń dìde nígbà tí Ọ̀tún Dáramọ́lá sún mọ́ ìkòkò, tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó gbóòórùn rẹ̀.

"Kábíyèsí, ìyókù ọbẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Ẹ gbé e fún Ayọ̀wálé," ni Kábíyèsí wí. "Àwa tí a bẹ̀rù Ọlọ́run ò ṣe é fi ṣọ́ ọbẹ̀."