Igi Ogójì Alága Túbọ̀sún

Bí wọ́n bá ń ta ìyìn lọ́jà Yábàá ni, Alága Túbọ̀sún ì bá ti rà á tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan ní Sùúrùlérè. Fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Baba Àyíká, Ọkọ Ewé, Aláàbò Òjò òun Ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan ni.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká kéde pé àwọn máa fi àmì-ẹ̀yẹ dá alága tó bá gbin igi jù lọ́lá. Oorun dá lójú Baba Àyíká. Ṣùgbọ́n ihò gbígbẹ́ máa ń dun ẹ̀yìn. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Sìmíátù lọ, ẹni tó ń ta igi àti òdòdó ní Kọ́sítéènì, ó yá ogójì igi máńgòrò kéékèèké.

"Ká fi ya fọ́tò lásán ni," ó ní. "Màá dá wọn padà kírọ̀lẹ́ Sátidé tó lẹ́."

Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tòun ti ọ̀rá ìdí wọn, ó wa iyanrìn díẹ̀ bò wọ́n. Irọ́ tí wọ́n bá fi iyanrìn bò, adìẹ lásán ló máa tàn án síta.

Ní àárọ̀ Sátidé, Àǹtí Abigail dé láti ẹgbẹ́ àyíká náà pẹ̀lú kámẹ́rà. Gbogbo àdúgbò pé. Motọ́lání, ayálégbé Alága, nawọ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nẹ́ẹ̀tì síírò tí ẹgbẹ́ àyíká ń sọ yìí?"

Alága wúkọ́. "Ìbéèrè ọmọdé! Nẹ́ẹ̀tì tí ò níhò ni. Ẹ̀fọn tó máa wọlé, síírò!"

Ẹ̀rín sọ.

"Rárá o, sà," Motọ́lání tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. "Ó túmọ̀ sí pé kí èéfín tí à ń tú sójú ọ̀run má ju èyí tá a lè fà kúrò níbẹ̀ lọ. Tá a bá dín jẹnẹrétọ̀ kù, tá a gbin igi, a ti ń sún mọ́ ọn nìyẹn."

"Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ náà nìyẹn!"

Ibẹ̀ ni Sìmíátù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. "Alága, ẹ má bínú. Oníbàárà kan ti dé, gbogbo máńgòrò yẹn ló fẹ́."

Kò dúró gbésì. Ó fa ọ̀kan, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, tòun ti ọ̀rá dúdú.

Àǹtí Abigail sọ kámẹ́rà kalẹ̀. "Alága, kí lọ̀rá ń wá nídìí igi?"

"Kí... kí òtútù má baà mú gbòǹgbò ni."

Àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alága wojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń wo òkè. Ó wu Alága kí ilẹ̀ lanu gbé e mì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ ihò kankan.

Motọ́lání na ṣọ́bìrì sí i. "Ooru ń pa wá ládùúgbò yìí, sà, a nílò ibòji. Ẹ ra àwọn igi yìí, ká gbìn wọ́n dáadáa."

Alága sanwó gbogbo wọn fún Sìmíátù kó má baà gbé wọn fún oníbàárà rẹ̀, ó bọ́ agbádá, ó gbẹ́ ihò kan lójú gbogbo ayé. Ó tú ọ̀rá, ó gbin igi, ó bomi rin ín. Ó wá fọwọ́ lé ìbàdí, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí, ẹ ò ní ya fọ́tò ni?"

"Ó ku mọ́kàndínlógójì, sà."