Ohun Tó Ń Kan Nínú Ọkọ̀ Alága

Ẹ bá mi kí Alága àdúgbò wa o. Ẹ kúnlẹ̀ kí i dáadáa, torí bí ẹ bá dúró, á ní ẹ ń dí oòrùn mọ́ òun lójú. Baba Àìlábàwọ́n lorúkọ tó sọ ara rẹ̀, òun nìkan náà ló sì ń pè é. Láràárọ̀, tó bá nu mọ́tò rẹ̀ tán, á wo ojú ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún un nù.

Ìjì ló ká òrùlé àwọn ilé kan lọ nísàlẹ̀ àdúgbò. A kó mílíìkì inú agolo jọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀, a sì ní kí Alága bá wa tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà, tí àwọn àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń sùn lábẹ́ tápólì, lọ béèrè tiwọn. Alága mí kanlẹ̀.

"Ìyá, eku ti mu ún."

"Eku? Mílíìkì inú agolo?"

"Eku ayé ìsinsìnyí, ìyá mi. Wọ́n ti lajú!"

Inú ń bí mi títí dòní pé a gbà á gbọ́. A tilẹ̀ tún kó òmíràn jọ, a sì dá ọjọ́ ìpàdé tí a ó kó ìyẹn náà lé e lọ́wọ́.

Àfi bí mọ́tò Alága ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Tó bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Tó bá ti tẹ tọ́tù pé kó sáré báyìí, gbà! gbà! gbà! bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń kan ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó gbé Ìyá Àgbà sí ìjókòó ẹ̀yìn, kí aráyé lè rí i pé òun lòun ń fi ọkọ̀ gbé arúgbó lọ sípàdé.

Mẹkáníìkì ní kí Alága tẹ tọ́tù lórí ìdúró. Ẹ́ńjìnnì bú, kò kan. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó dá wọn padà. Ó mi ẹ́ńjìnnì wò bóyá ìdè rẹ̀ ti tú, ó le koko. Ó wá wọnú ọkọ̀ jókòó, wọ́n jọ yí àdúgbò ká. Gbà! gbà! gbà!

"Alága, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ̀yìn lariwo yẹn ti ń wá. Ẹ ṣí bùùtù."

"Bùùtù kẹ̀? Ṣé bùùtù ni wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì sí níbi tí o ti kọ́ṣẹ́ ni?"

"Tó bá dúró, kò dún. Tó bá fò síwájú, nǹkan á fò sẹ́yìn. Nǹkan wà níbẹ̀, sà."

"Ọkọ̀ ńlá lèyí. Tó bá wúkọ́ níwájú, ẹ̀yìn la ti ń gbọ́ ọ."

"Kọ́kọ́rọ́ bùùtù ńkọ́?"

"Ó sọnù. Tú ẹ́ńjìnnì!"

Mẹkáníìkì ní òun ò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ni Alága bá fọwọ́ lu àyà. "Bẹ́ ẹ bá rí ohunkóhun tó ń kan nínú bùùtù mi, màá gbé e mì lójú gbogbo àdúgbò!"

Ìyá Àgbà ti ń tòògbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n lajú. "Alága, kí lo ní o máa ṣe?"

"Màá gbé e mì, ìyá mi!"

"Mo gbọ́."

Orí òkè ni gbọ̀ngán ìpàdé wà. Mẹkáníìkì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa dún tó bá ń gun òkè. Gbogbo wa ti dúró síwájú gbọ̀ngán, à ń wo Alága bó ṣe ń rá bọ̀. Ó ń rọra, ó ń rọra, títí ọkọ̀ fi dúró láàárín òkè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn.

"Alága, ẹ fún un níná!" la kígbe.

Alága dijú, ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀.

Gbà! Gbà! Gbàràgàdà! Bùùtù ṣí sílẹ̀. Àpótí ńlá kan já bọ́ sójú títì, ó fọ́ yángá, agolo mílíìkì sì ń yí lọ sísàlẹ̀, tààrà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ń ṣà á sínú aṣọ.

"Alága," lẹnì kan pariwo, "eku tó mu ún dà?"

Alága gbé itọ́ mì. "Ó… ó ti dá a padà. Ẹ ò rí i pé eku yẹn mọ Ọlọ́run!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Baba Eku lẹnu gbogbo wa ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ ẹ láìmọ̀. Mẹkáníìkì gba kọ́kọ́rọ́, ó fi eré burúkú gun òkè náà dókè, ó tún sọ̀. Ọkọ̀ ò kan mọ́. "Ara rẹ̀ ti yá," ló wí.

Ìyá Àgbà wá mú agolo kan tó ti tẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún dáadáa, wọ́n nà án sí Baba Àìlábàwọ́n.

"Ó yá, ọmọ mi. Gbé e mì."

A fìdí kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, a ń wò ó.