Agboòrùn Tó Ba Eré Jẹ́

Létí odò ní ìlú Paet Riu, ojúbọ òrìṣà Bàbá Àgbà kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ girama, títì ló là wọ́n láàárín. Ìyá Kimlang ló ń ta ẹyin sísè àti òdòdó níbẹ̀ fún àwọn tó bá wá san ẹ̀jẹ́, òun náà ló ń yá àwọn tó bá fẹ́ fi ijó san án ní aṣọ ijó àti adé. Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí obìnrin kan yọ́ wọlé, ó fi fìlà bo orí, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó fi awò dúdú bo ojú. Ẹni tó bá ń fara pa mọ́ báyìí níwájú òrìṣà, ó ní nǹkan tó ṣe.

ÌYÁ KIMLANG: Tíṣà Sumontha, káàbọ̀.

TÍṢÀ: (ó yọ awò tìbínú-tìbínú) Ta ló sọ fún yín pé èmi ni?

ÌYÁ KIMLANG: Rúlà tó yọrí nínú báàgì ẹ ni. Ta ni ò mọ rúlà yẹn? Ṣebí òun lo fi ń wọn irun orí ọmọ ọmọ mi.

TÍṢÀ: Irun ẹ̀ ti bo etí, ìyá. Òfin lòfin.

ÌYÁ KIMLANG: Òfin lòfin. Ẹyin ni ká dì fún ẹ ni, àbí òdòdó?

TÍṢÀ: Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ìbéèrè ni mo bá wá. Tí èèyàn bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí ohun tó tọrọ ò sì ṣẹ, kò jẹ Bàbá Àgbà ní nǹkan kan, àbí?

ÌYÁ KIMLANG: Kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

TÍṢÀ: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó dàbọ̀.

ÌYÁ KIMLANG: Dúró ńbẹ̀. Ta ló ní kò ṣẹ?

TÍṢÀ: Èmi ni.

ÌYÁ KIMLANG: Ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló máa dá ẹjọ́ ara ẹ̀. Jókòó. Kí lo tọrọ?

(Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnì kankan àfi ajá ojúbọ tó ń sùn. Síbẹ̀ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.)

TÍṢÀ: Mo ní kí Khram àti Nuea fẹ́ra wọn dópin.

ÌYÁ KIMLANG: Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ ni wọ́n?

TÍṢÀ: Rárá o. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà. Nínú eré yẹn... "Ọkàn Mi Wà Nínú Ẹ́ńjìnnì Rẹ".

ÌYÁ KIMLANG: (ó pàtẹ́wọ́) Ti àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn! Èyí tí o torí ẹ̀ ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọléèwé?

TÍṢÀ: Fóònù tí mo gbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ìwé kíkà.

ÌYÁ KIMLANG: O sì ti mọ̀ ọ́n.

TÍṢÀ: Mo mọ̀ ọ́n dé apá tó gbẹ̀yìn.

ÌYÁ KIMLANG: Kí lo wá ṣèlérí fún Bàbá?

TÍṢÀ: Agbọ̀n ẹyin kan.

ÌYÁ KIMLANG: Agbọ̀n ẹyin ló ń jẹ́ kí o wọ ìbòmú?

TÍṢÀ: Àti... ijó.

ÌYÁ KIMLANG: Ijó!

TÍṢÀ: Pẹ̀lú adé. Pẹ̀lú èékánná wúrà. Lórí ìtàgé yẹn, tó dojú kọ géètì wa.

ÌYÁ KIMLANG: Lójú àwọn ọmọ tí o ń fi rúlà lé kiri! (ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀) Bàbá o! Irú oore wo lo ṣe mí yìí?

TÍṢÀ: Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí eré yẹn ti parí ni eyín ti ń dùn mí. Àná, bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ọmọńlé já lé mi lórí.

ÌYÁ KIMLANG: Bàbá ló ń pè ọ́.

TÍṢÀ: Kí ló ń pè mí fún? Wọn ò fẹ́ra wọn dópin!

ÌYÁ KIMLANG: Wọ́n fẹ́ra wọn. Èmi náà wò ó. Wọ́n wà ní èbúté, òjò ń rọ̀, Khram na ọwọ́, Nuea sún mọ́ ọn, ẹnu kù díẹ̀ kó kan ẹnu...

TÍṢÀ: Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

ÌYÁ KIMLANG: Agboòrùn ṣí.

TÍṢÀ: Agboòrùn ṣí! Agboòrùn pupa gbàǹgbà, wọ́n kọ orúkọ ìfínmú, oògùn àfàsímú tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ eré náà, gàdàgbà sára ẹ̀, ó bo gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó máa fi padé, ọkọ̀ ojú omi ló ń lọ, orin ń dún, orúkọ àwọn tó se oúnjẹ fún wọn ló ń gòkè. Èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yẹn? Ẹnì kan ni mo rí!

ÌYÁ KIMLANG: Èkejì bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ń so okùn bàtà.

TÍṢÀ: Bàtà wo? Sálúbàtà ló wọ̀ láti apá àkọ́kọ́!

ÌYÁ KIMLANG: Wọ́n fẹnu kora lẹ́yìn agboòrùn yẹn.

TÍṢÀ: Ẹ rí i?

ÌYÁ KIMLANG: Mo rí agboòrùn tó mì.

TÍṢÀ: Atẹ́gùn ló mì ín!

ÌYÁ KIMLANG: Bàbá Àgbà ń rí ẹ̀yìn ògiri, kí wá ni ti agboòrùn?

TÍṢÀ: Ìyá, ẹ má bínú, ṣé eré nìyẹn? Àwọn ọmọ méjì ní ẹ́ńjíníà làwọn ń kọ́, wọn ò fọwọ́ kan sípánà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n ń rìn káàkiri ọgbà bí ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ sọnù.

ÌYÁ KIMLANG: Wọ́n ṣáà rẹwà.

TÍṢÀ: Ẹwà ni? Khram yẹn, tí inú ẹ̀ bá ń dùn, bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí rèé. (ó dijú mọ́rí, ojú ẹ̀ le bíi pákó) Ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ kú, bó ṣe rí rèé. (ojú kan náà) Ọjọ́ tó ní òun nífẹ̀ẹ́ Nuea... (ojú kan náà ni) Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

ÌYÁ KIMLANG: Ṣé o ti gbàgbé pé orí ẹ̀ dàrú ni? Ó gbàgbé gbogbo nǹkan.

TÍṢÀ: Ẹ ṣé tí ẹ dá a sọ! Imọ̀ àgbọn ló já lù ú. Ó gbàgbé ilé, ó gbàgbé ìyá, ó gbàgbé ẹni tó ń fẹ́. Ó wá lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ó ń ṣí imú, ó ń lé òòyì lọ." Èèyàn tí ò mọ orúkọ ara ẹ̀ mọ orúkọ ìfínmú!

(Ìyá Kimlang ti tẹ ìfínmú tirẹ̀ bọ imú. Tíṣà tẹjú mọ́ ọn. Ìyá rọra ti ìgò kékeré náà sábẹ́ agbọ̀n ẹyin.)

ÌYÁ KIMLANG: Ó kúkú ń lé òòyì lọ.

TÍṢÀ: Ohun tí wọ́n bá sì ti fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á tún fi hàn wá lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á kan fi orin sí i. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sínú àwo!

ÌYÁ KIMLANG: Ó dáa. Bí eré náà bá burú tó báyìí, kí ló gbé ẹ dé iwájú Bàbá nítorí ẹ̀?

(Tíṣà jókòó. Ó ṣí fìlà, ó fi í lé orúnkún.)

TÍṢÀ: Nítorí àbúrò mi ọkùnrin ni. Ẹ mọ Anan, tí òun àti Decha, ọkùnrin tó ń fẹ́, jọ ń ta oúnjẹ núdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

ÌYÁ KIMLANG: Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Omi ọbẹ̀ wọn ń bá mi délé.

TÍṢÀ: Ilé wọn la ti jọ máa ń wò ó. Anan ní, "Àǹtí, wọ́n máa bà á jẹ́. Wọ́n máa ń bà á jẹ́ ni. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, ọ̀kan á kú, tàbí kó lọ sókè òkun, tàbí kó ní ọ̀rẹ́ lásán làwọn." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ó ń dùn ún. Decha jókòó síbẹ̀, ó ń bínú pé Anan ò fọ ìkòkò. Anan ní òun lòun fọ̀ ọ́ lánàá. Mo wò wọ́n. Mo ní, ìfẹ́ rèé níwájú mi, orí ìkòkò ló ti ń jà, tẹlifíṣọ̀n ò wá lè jẹ́ kí irú wọn délé láyọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Inú bí mi, ìyá. Ni mo bá sáré wá síbí.

ÌYÁ KIMLANG: O ṣeun, ọmọ mi.

TÍṢÀ: Lọ́jọ́ agboòrùn yẹn, Anan kàn dìde, ó lọ fọ ìkòkò.

(Ìyá Kimlang nu ọwọ́ nídìí aṣọ. Ó mú igi pupa méjì tó rí bí àbọ̀ òṣùpá níwájú Bàbá.)

ÌYÁ KIMLANG: Ẹjọ́ yìí ti ju tèmi tìẹ lọ. Ká bi ẹni tó ni ẹ̀jẹ́. Tí ọ̀kan bá dojú sókè, tí èkejì dojú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Tí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, rárá ni. Tí méjèèjì bá dojú sókè, a jẹ́ pé Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ò yé e.

TÍṢÀ: (ó kúnlẹ̀) Bàbá Àgbà, ẹ dákun, ṣé Khram àti Nuea fẹ́ra wọn dópin?

(Ìyá Kimlang ju igi sílẹ̀. Méjèèjì dojú sókè.)

ÌYÁ KIMLANG: Ó ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n tún un jù.

(Méjèèjì tún dojú sókè.)

TÍṢÀ: Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

ÌYÁ KIMLANG: Kò yé òun náà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwo tùràrí ẹ̀ ni mo máa ń gbé fóònù tì tí mo bá ń wò ó. Gbogbo ẹ̀ pátá la jọ wò.

TÍṢÀ: Òrìṣà tó mọ ọjọ́ tí odò máa kún, ìparí eré yìí rú u lójú! Ẹ ò rí i pé mo jàre?

ÌYÁ KIMLANG: O ò jàre, o ò jẹ̀bi. Eyín ńkọ́?

TÍṢÀ: (ó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú) Ó ń dùn mí.

ÌYÁ KIMLANG: A jẹ́ pé ẹjọ́ ò tíì tán.

TÍṢÀ: Ó dáa, mo ti rí ọgbọ́n sí i. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, tí wọ́n bá fẹ́ san ẹ̀jẹ́, ṣebí wọ́n máa ń fi aṣọ funfun kọ́ síwájú Bàbá, wọ́n á to àga, wọ́n á fi fíìmù hàn án?

ÌYÁ KIMLANG: Bàbá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

TÍṢÀ: Èmi náà á fi aṣọ funfun kọ́. Màá fi "Ọkàn Mi Wà Nínú Ẹ́ńjìnnì Rẹ" hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bóyá tó bá tún un wò, á yé e. Ìyẹn ni màá fi dípò ijó.

ÌYÁ KIMLANG: (ó fọwọ́ di àyà) Eré yẹn? Lẹ́ẹ̀kejì? Kí ni Bàbá fi ṣe ẹ́?

TÍṢÀ: Ẹ ṣáà bi í.

(Igi balẹ̀ gbàà. Méjèèjì dojú bolẹ̀.)

ÌYÁ KIMLANG: Rárá.

TÍṢÀ: Ọwọ́ yín ló yọ̀. Ẹ tún un jù.

(Méjèèjì dojú bolẹ̀.)

ÌYÁ KIMLANG: Rárá ni.

TÍṢÀ: Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i!

(Ọ̀kan dojú bolẹ̀ níbi tó wà. Èkejì ta, ó sáré gba abẹ́ tábìlì, ó dé ọ̀dọ̀ ajá, ajá ta jí, ó sá jáde. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ tọ igi lọ. Òun náà dojú bolẹ̀.)

ÌYÁ KIMLANG: Láti kékeré mi, mi ò rí i kí Bàbá kọ nǹkan báyìí. Olóṣèlú kan gbé àwọn eléré tó ti mutí yó wá bá a nígbà kan, ọba ṣubú lu ayaba lórí ìtàgé, Bàbá gbà á bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ: (ohùn ẹ̀ ti rọ̀) Ẹ wá bi í bóyá ijó ló fẹ́.

(Igi ò tíì kúrò lọ́wọ́ Ìyá Kimlang tán tó fi balẹ̀. Ọ̀kan dojú sókè, ọ̀kan dojú bolẹ̀.)

ÌYÁ KIMLANG: Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

TÍṢÀ: Èmi tí mi ò mọ ijó jó!

ÌYÁ KIMLANG: Ta ló ń béèrè ijó tó dáa? Nǹkan tó ní ìparí ni Bàbá ń wá.

(Ó dé e ládé, ó ki èékánná wúrà bọ̀ ọ́ níka. Aṣọ ijó náà fún un níbàdí. Bí Tíṣà ṣe ń gun ìtàgé báyìí, aago ilé ẹ̀kọ́ dún, géètì ṣí, àwọn ọmọ tú jáde. Wọ́n rí i. Wọ́n dúró gbagidi. Fóònù tí wọ́n ti tọ́jú sábẹ́ ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àánú ṣe Ìyá Kimlang, ó fa agboòrùn pupa kan yọ lábẹ́ tábìlì, èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi tó ti ra ìfínmú.)

ÌYÁ KIMLANG: Tíṣà! Jẹ́ kí n fi èyí bo ojú ẹ!

TÍṢÀ: Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yín sókè dáadáa, mi ò ní gba tẹnì kankan lónìí. Kí ẹni tó lè sáré jù nínú yín lọ pe Anan àti Decha lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá wá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀ ná. Ẹ ní eléyìí ò ní agboòrùn!